Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Ọ̀gá Ológun Òfuurufú Láì Purọ́ Mọ́ Òkú

Ìwé ètò ìsìnkú ni mo fi ń jẹun. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi wà ní Mọ́kọ́lá, kò jìnnà sí bárékè Letmauk, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá àwọn ẹbí kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé wọn. Wọ́n á kó fọ́tò wá nínú ọ̀rá, wọ́n á jókòó, wọ́n á ní, "Mọ̀mí, ẹ ṣáà bá wa fi iyọ̀ díẹ̀ sí i." Èmi náà á fi iyọ̀ sí i. Akíkanjú, olùbẹ̀rù Ọlọ́run, baba rere. Ta ni yóò bá mi jà? Olóògbé kò lè dìde.

Ní 2011, ẹnìkan bá mi jà.

Àwọn ọmọ baba kan láti Yemẹtù ló gbé iṣẹ́ wá. Baba wọn lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hítílà. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù tó fi wọ aṣọ ológun, àmì ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn sì wà lápá aṣọ náà. Wọ́n ní baba máa ń sọ pé láti ojú ọ̀run ni oúnjẹ àwọn ti ń já bọ́. Àkọ́bí wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti rí ère ọ̀gá ológun òfuurufú kan ní Waterloo Place, Keith Park lorúkọ rẹ̀. Ó kà pé òun ló ṣe olórí àwọn bàálù ní apá Bọ́mà, ó wá ní kí n ti orúkọ náà bọ inú ìtàn. Mo kọ ọ́ pé: "Ní 1944, ní àfonífojì Kaladan, Ọ̀gágun Keith Park fi bàálù bọ́ olóògbé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀." Ó dùn-ún kà. Igba ẹ̀dà la tẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, bàbá arúgbó kan tó fi ọ̀pá rìn fi ìka lé ìlà yẹn, ó ní kí wọ́n pe ẹni tó kọ ọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀kọ̀ ló wà lápá ọ̀rẹ́ mi yìí. Àwa aláǹtakùn la wà ní Kaladan ní 1944. Àwọn ọlọ́kọ̀ kò tí ì dé ojú ogun nígbà yẹn."

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Division 81, ìpín ọmọ ogun ńlá kan láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ló ní aláǹtakùn dúdú lápá, àwọn ló wọ Kaladan ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, bàálù nìkan ló sì ń bọ́ wọn níbẹ̀. Division 82 ló ní ọ̀kọ̀ méjì, ìparí ọdún náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìjà ní Arakan ní Bọ́mà. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí n yẹ Keith Park náà wò. Àṣé òun náà kò sí níbẹ̀ ní 1944! February 1945 ló tó dé. Ìlà kan ṣoṣo, irọ́ méjì.

Ọ̀nà tí mo gbà tún un ṣe ni mo fẹ́ fi hàn yín. Bóyá bàbá àgbà yín ló lọ sógun, bóyá ọmọ yín ni wọ́n fún ní iṣẹ́ àmúrelé lórí ọ̀gágun kan, ọ̀nà kan náà ni.

Ẹ fa ìlà sójú ìwé kí ẹ tó kọ gbólóhùn kankan

Ẹ mú ìwé fẹ̀ǹfẹ̀ kan, ẹ fi rúlà pín in sí mẹ́rin. Àkọ́kọ́, oṣù àti ọdún. Èkejì, àga tó jókòó sí. Ẹ̀kẹta, ẹni tó wà lókè rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: bàálù mélòó, irú wo, ilẹ̀ wo ló ń ṣọ́, kí ni kò ní. Mẹ́dàlì kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé ni kí ẹ kọ mẹ́dàlì sí, torí bí ẹ bá jẹ́ kó wọ iwájú, òun nìkan ni ẹ ó máa rí.

Apá kẹrin yẹn ló le jù, ibẹ̀ náà sì ni ìtàn wà. Ẹni tó ń darí ogun kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ọ̀tá lulẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mọ ohun tó wà nílẹ̀, kó mọ èyí tí yóò ná lónìí àti èyí tí yóò fi pamọ́ di ọ̀la.

Ẹ jẹ́ ká fi Park ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ New Zealand ni, 1892 ni wọ́n bí i, ní ìlú Thames. Ní 1915 ó wà pẹ̀lú àwọn oníbọn ńlá ní Gallipoli, ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ní 1916, ní Somme ní ilẹ̀ Faransé, ọta àgbá gbé òun àti ẹṣin rẹ̀ ṣubú, wọ́n sì ní kò yẹ fún iṣẹ́ orí ẹṣin mọ́. Ẹni tí wọ́n ní kó má gun ẹṣin mọ́ ló lọ gun bàálù. Nígbà tó fi máa di 1918, òun ló ń darí Squadron 48 (ọ̀wọ́ bàálù kan ni squadron), àwọn tó ń fi bàálù Bristol Fighter jà. Mo lè fi gbogbo ọjọ́ sọ ìyẹn, àmọ́ ìlà mẹ́ta péré ni mo fún un. Ìtàn ọmọkùnrin tó ń fò nìyẹn, ìtàn ọ̀gá là ń wá.

Oyè wà léjìká, àga wà lábẹ́ ìdí

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Orúkọ oyè tí àwọn ológun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ń lò náà ni ti Nàìjíríà ń lò, ẹ ó sì rò pé orúkọ náà ti sọ iṣẹ́ tán. Kò sọ ọ́. Group Captain kì í ṣe ẹni tó ń darí Group, ìyẹn àkójọ squadron púpọ̀. Òkè rẹ̀ ni Air Commodore wà, òkè ìyẹn ni Air Vice-Marshal, ká tó kan Air Marshal àti Air Chief Marshal. Air Vice-Marshal kì í sì í ṣe igbákejì ẹnikẹ́ni. Ọmọ iṣẹ́ mi ti tẹ "igbákejì ọ̀gágun" sórí kọ̀ǹpútà kí n tó ta jí.

Oyè Air Vice-Marshal ni Park ní nígbà tó jókòó sórí àga Group 11 ní April 1940. Ẹ fi oyè sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é, kí ẹ wá fi Yorùbá sọ iṣẹ́ tó ń ṣe lórí àga: òun ló ń ṣọ́ ojú ọ̀run Lọ́ńdọ̀nù àti gúúsù ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú bàálù ìjà Spitfire àti Hurricane. Hugh Dowding ló wà lókè rẹ̀. Ilẹ̀ Faransé ló wà níwájú rẹ̀, àwọn ará Jámánì sì gbà á kí June tó parí.

Ẹ wá ọjọ́ kan, kí ẹ jókòó tì í

Ogun òfuurufú lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní July 1940, ó sì wọ October. Bí ẹ bá ní kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀, òǹkàwé yóò sùn. Ẹ mú ọjọ́ kan. September 15, ọjọ́ Sunday, ni mo mú.

Inú ilẹ̀ ni yàrá Park wà, ní Uxbridge, lápá ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Tábìlì ńlá kan wà láàárín, máàpù ló wà lójú rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó wọ aṣọ ológun dúró yí i ká, wọ́n fi ọ̀pá gígùn ń ti àwọn àmì kéékèèké síwá sẹ́yìn: ibi tí ọ̀tá dé, iye wọn, bí wọ́n ṣe ga tó. Iná kéékèèké wà lára ògiri tó ń sọ èyí tó wà nílẹ̀, èyí tó ti gbéra àti èyí tó ti wọ̀jà nínú àwọn squadron.

Agogo ibẹ̀ ló wù mí jù. Wọ́n kun ojú agogo náà ní pupa, yẹ́lò àti búlúù, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ìròyìn bá wọlé, àwọ̀ tí ọwọ́ agogo wà ni wọ́n ń fi sára àmì orí tábìlì. Bí Park bá bojú wolẹ̀ láti òkè tó rí pupa nígbà tí agogo ti wọ búlúù, ó mọ̀ pé ìròyìn yẹn ti tutù, bàálù náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Èmi náà ti ń lo ọgbọ́n yẹn ní ṣọ́ọ̀bù: gègé aláwọ̀ kan fún ohun tí wọ́n sọ fún mi, òmíràn fún ohun tí mo rí nínú ìwé.

Kí ni ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe jẹ́ nǹkan bàbàrà? Láti Calais ní ilẹ̀ Faransé dé Dover kò tó Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Bàálù tó ń ju bọ́ǹbù ń kọjá omi náà ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Spitfire tó wà nílẹ̀ nílò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó gòkè dé ibi tí yóò ti lè já lé wọn lórí. Rádà tó wà létí òkun ló kọ́kọ́ ń rí wọn. Bí wọ́n bá ti wọ orí ilẹ̀, àwọn ènìyàn tó dúró lórí pápá pẹ̀lú awò-awọ̀nàjíjìn ló ń kà wọ́n. Tẹlifóònù ló ń kó gbogbo rẹ̀ dé orí tábìlì. Bí Park bá rán àwọn bàálù rẹ̀ jáde kíá tó sì jẹ́ pé ẹ̀tàn ni, epo wọn á tán nígbà tí ọ̀tá gidi bá dé. Bí ó bá pẹ́, bọ́ǹbù á bá wọn nílẹ̀.

Ẹ ronú nípa ìyá tó jókòó ti kúlà ẹran níbi àríyá ńlá n'Íbàdàn. Bí ó bá kó gbogbo ẹran fún àwọn tó kọ́kọ́ dé, omi ọbẹ̀ ni àwọn àna á bá. Bí ó bá sì há a mọ́wọ́ jù, àwọn tó wà níjókòó á ti máa pariwo orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tí Park ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, àfi pé ẹ̀mí èèyàn ló wà nínú kúlà tirẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo wí yìí, Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti ìyàwó rẹ̀ wá sí yàrá náà. Wọ́n jókòó wo tábìlì títí gbogbo iná ara ògiri fi fi hàn pé gbogbo squadron ti wọ̀jà. Churchill bèèrè ohun tó kù nílẹ̀. Park ní, "Kò sí."

Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ ìyẹn bí ọ̀rọ̀ akíkanjú. Èmi kò rí akíkanjú níbẹ̀. Ìdáhùn apá kẹrin ìwé wa ni. Àwọn bàálù tó wà lókè kò ní pẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá bu epo. Bí ọ̀wọ́ ọ̀tá mìíràn bá dé ní ìṣẹ́jú yẹn, orí ilẹ̀ ni wọn yóò bá wọn. Ọ̀wọ́ mìíràn kò dé. Park kò mọ̀ pé kò ní í dé.

Bí ìjà bá wà, ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́

Àríwá Park ni Group 12 wà, Leigh-Mallory ni ọ̀gá ibẹ̀. Òun àti àwọn kan lábẹ́ rẹ̀, bíi Douglas Bader, fẹ́ kí squadron mẹ́ta sí márùn-ún kọ́kọ́ kó ara jọ lójú ọ̀run kí wọ́n tó jọ kọlu ọ̀tá. Park ní kí wọ́n tó kó ara jọ tán, bọ́ǹbù á ti já lu pápá bàálù òun. Ó ń rán squadron ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tàbí ní méjì méjì kí wọ́n lè pàdé ọ̀tá kó tó já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé àwọn ọ̀gá ní October 17, 1940. Nígbà tí yóò fi di December, wọ́n ti gbé Park kúrò, Leigh-Mallory sì gba àga rẹ̀. Dowding ti lọ ní November.

Ibí ni àwọn ẹbí máa ń sọ pé kí n fò. "Ẹ má kọ pé wọ́n yọ bàbá o." Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ oṣù, kí ẹ kọ àga tuntun, kí ẹ dákẹ́. December 1940: ó lọ máa bójú tó ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù. Òǹkàwé tó gbọ́n á lóye. Bí ẹ bá fò ó, àlàfo ọdún kan á wà nínú ìwé yín, ẹnìkan bíi bàbá arúgbó tó fi ọ̀pá rìn yẹn á sì fi ìka lé e.

Ohun mìíràn: ní 1947, Lord Tedder, tó ti di ọ̀gá pátápátá fún gbogbo ológun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé bó bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ló ṣẹ́gun nínú ìjà 1940 yẹn, Park ni. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ṣùgbọ́n abẹ́ 1947 ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ní 1940, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un.

Òwú lórí máàpù

July 1942, Park dé erékùsù Malta. Mo gé òwú ìránṣọ, mo fi wọn Malta sí Sicily tó wà lọ́wọ́ ọ̀tá. Ó sún mọ́ra bí Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́. Tẹ́lẹ̀, àwọn bàálù Malta máa ń kọ́kọ́ yí sẹ́yìn lọ gun òkè, wọ́n á wá padà pàdé ọ̀tá lórí ìlú fúnra rẹ̀. Park ní rárá, lórí omi ni kí wọ́n ti lọ pàdé wọn, lápá àríwá, kí wọ́n tó dé. Spitfire tó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, ẹ kọ ìyẹn sí apá kẹrin kí ẹ má baà fi ìyà jẹ ẹni tó ṣíwájú rẹ̀, Hugh Lloyd, tí kò ní tó bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bọ́ǹbù ọ̀sán gangan dín kù gan-an.

January 1944, Middle East, Cairo. Ìlà kan ti tó.

Bọ́mà, àti ibi tí ìtàn wa kan ti baba Yemẹtù

Leigh-Mallory ni wọ́n kọ́kọ́ yàn fún Gúúsù Ìlà Oòrùn Éṣíà. Ní November 1944, bàálù tó ń gbé òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ síbẹ̀ já ní òkè Alps ní ilẹ̀ Faransé, kò sẹ́ni tó yè. Àga tí ẹni tó gba àga Park kò dé orí rẹ̀ ni Park wá jókòó sí ní February 1945, lábẹ́ Mountbatten, ọ̀gá pátápátá fún ogun níbẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ báyìí. Bọ́ǹbù àti ìjà ṣì wà, ṣùgbọ́n Dakota, bàálù akẹ́rù, ni ẹ̀mí ogun náà. Àwọn ọmọ ogun Slim, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jà lórí ilẹ̀, ń sáré lọ sí Rangoon kí òjò ńlá tó dé, oúnjẹ àti ọta wọn sì ń bọ̀ láti òkè. Rangoon bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ May.

Bàbá arúgbó tó fi ọ̀pá rìn náà ló sọ bí wọ́n ṣe ń já ẹrù fún mi, nígbà tí mo lọ tọrọ àforíjì nílé rẹ̀ pẹ̀lú ọsàn àti búrẹ́dì. Ọta àti oògùn ń fi párásúùtù bọ̀. Ìrẹsì kì í rí párásúùtù. Wọ́n á di í sínú àpò, wọ́n á tún ki àpò náà bọ inú àpò mìíràn tó tóbi jù ú lọ, wọ́n á sì tì í láti ẹnu ọ̀nà bàálù bẹ́ẹ̀. Bí tinú bá bẹ́, tòde á gbà á. Bàbá ní, "A máa ń sá fún ìrẹsì ju bí a ṣe ń sá fún ọta lọ." Mo rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo kà á pé párásúùtù pàápàá wọ́n débi pé àwọn ènìyàn Slim fi ìdọ̀họ ṣe é ní Calcutta, irú ìdọ̀họ tí a ń di kòkó sí.

Ibi tí ẹ lè wá a sí n'Íbàdàn

Apá aṣọ inú fọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kó tó kan ojú ènìyàn. Ẹ wo orúkọ bárékè: Letmauk, Dodan, Arakan, ibi tí àwọn ọmọ wa ti jà ní Bọ́mà ni gbogbo wọn. Ogún ọdún ni mo fi ń kọjá ní géètì Letmauk tí mo rò pé orúkọ òyìnbó kan ni. Ilé ìkàwé Kenneth Dike àti ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. London Gazette wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde oyè àti mẹ́dàlì àwọn ọ̀gá. Bí àgbàlagbà kan tó lọ síbẹ̀ bá ṣì wà láyé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ gbé ọsàn dání.

Ẹ má sì fi okùn tí kò sí so ọ̀gá ńlá mọ́ ọmọ ogun. Láàárín Park àti ẹni tó ń ṣa ìrẹsì nílẹ̀, ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kò lóǹkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. "Nígbà tí Park wà lórí àga" ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ "Park bọ́ ọ."

Owó ara mi ni mo fi tún ojú ewé náà tẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945, olóògbé wà ní Arakan pẹ̀lú Division 82, àwọn ọlọ́kọ̀. Bàálù ń já oúnjẹ fún wọn. Láti February, ọ̀gá bàálù Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn alájọṣe wọn ní gbogbo agbègbè náà ni Keith Park, ẹni tí olóògbé kò fojú rí rí." Àwọn ọmọ ní kí n yọ "kò fojú rí rí" kúrò, ó ń dín iyì bàbá kù. Mi ò yọ ọ́.

Mo mú ẹ̀dà kan lọ fún Bàbá. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní kí n fún òun ní ọ̀kan sí i. Ó ní kí n tọ́jú ìkejì sí ṣọ́ọ̀bù, kí n kọ orúkọ òun sẹ́yìn rẹ̀, kí n sì ya aláǹtakùn kan síbẹ̀ kí ọwọ́ mi má baà tún ṣì lọ́jọ́ tí tòun bá dé.